Sòbìyà, Ẹsẹ̀ Mi àti Bàbá Rasaki Télọ̀

Orí ebè ni mo wà nígbà tí ẹsẹ̀ òsì mi kọ́kọ́ yí padà sí mi. Ó ń yún mi lókè ọrùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń jó mi bí ẹni tó nà án sí ẹnu ààrò. Ọyẹ́ ti bo oko Ìlórò, àwọn òkè iwájú mi dà bí èéfín. Mo fara ti ọkọ́, mo ń wo èéfín náà, mi ò sì mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Kì í ṣe àṣà mi. Láyé ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Ìjerò dé Arámọ̀kọ, kò sí ọkùnrin tó ń kọ ebè bíi tèmi. Ìwé kejì péré ni mo kà, ilé ìjọsìn ló kọ́ mi ní èyí tó kù, ṣùgbọ́n ọkọ́ kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni.

Ní ọjọ́ kẹta, ìléròrò yọ síbẹ̀, ó tó hóró kòkó. Nígbà tó bẹ́, nǹkan funfun yọrí jáde bí òwú ìránṣọ. Sòbìyà ni. Inú omi odò tí a ń mu ló ti ń wọ ara. Kòkòrò kékeré tí ojú kò rí ló ń gbé ọmọ rẹ̀. Ẹ ó mu ún lónìí, ara ò ní sọ nǹkan kan. Nígbà tí ọdún bá fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po, aràn náà á ti gùn, á wá máa wá ọ̀nà jáde. Kò sí oògùn tó ń pa á. Ńṣe ni wọ́n ń yí i mọ́ igi tín-ín-rín, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, títí yóò fi tán.

Bàbá Rasaki ló ń ṣe é nílùú wa. Télọ̀ ni, ìhà Ọ̀ṣun ló ti wá tẹ̀dó sọ́dọ̀ wa. Àwọn oníṣẹ́ ìlera kọ́ ọ, ó sì ń ṣe é fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi náà ti sọ níwájú àwùjọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, kò ríṣẹ́ gidi ṣe nílé ni. Nítorí náà, nígbà tó dé pẹ̀lú omi gbígbóná àti igi rẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ pé mo ti sùn. Ìyàwó mi bẹ̀ mí: “Bàbá Bùnmi, ẹ má fọwọ́ ara yín fà á.” Èmi tí mò ń fa kùkùté igi tu? Mo fà á. Ó já.

Bó bá já, èyí tó kù á sá padà sínú ẹran ara, á sì kẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wú bí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibà gbé mi lọ. Mo rí ara mi lórí tábìlì télọ̀, abẹ́rẹ́ ń gba inú mi kọjá láìdùn mí, mo ń béèrè pé aṣọ ta ni èmi, kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tí mo lajú, orí bẹ́ǹṣì dispẹ́ńsárì ni mo wà, ohùn àwọn tó ń dúró de dókítà ń ṣàn kọjá bí omi lórí òkúta. Nọ́ọ̀sì ní bí abẹ́rẹ́ kò bá jẹ́ kó rọlẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ náà.

Ẹni tí mo fara tì lórí bẹ́ǹṣì náà ni Bàbá Rasaki. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí Kérésìmesì dé, aṣọ gbogbo ìlú wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó tì í pa.

Ẹsẹ̀ náà rọlẹ̀. Ọyún tú jáde, orí aràn tún yọ. Àárọ̀ méjìdínlógún ni télọ̀ fi wá yí i, ó ń mí jẹ́jẹ́, èmi ń tòògbé. Ọjọ́ tó tán, mo ní kí wọ́n kó ogún iṣu wá, àwọn tó tóbi jù.

Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. “Iṣu gidi ni o, Bàbá Bùnmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbà á, ìyá arúgbó tí kò ní iṣu kò ní ránṣẹ́ pè mí mọ́. Á jókòó sílé, á máa fà á bí ẹ ṣe fà á.”

Mo ní kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí i.

Títí sòbìyà fi kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan kò já mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ lọ béèrè. Ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń le bí ọyẹ́ bá dé. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo fi ń ṣe fáàrí ni mo ka ara sí. N kò mọ̀ pé a lè gbé e lé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo yí tirẹ̀ jẹ́ opó kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ lórí itan mi. Bí mo ti ń yí i, oorun gbé e lọ. Mo parí ti ọjọ́ náà, mo dè é, mo sì ń dúpẹ́ nínú mi pé ẹsẹ̀ mi gbé mi débẹ̀. Mi ò mira títí ó fi jí.