Ẹrù Tánganran Tí Mo Gbé Lọ sí Òkè Ìdáàṣà

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà l'Ábẹ́òkúta tí mo ti ń bá awakọ̀ Píjò jà nítorí ẹrù mi. Ó ní kí n tú u, kí òun fi í há abẹ́ àga.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé abẹ́ àga ni wọ́n gbé ẹrù ìyàwó ìyá tìrẹ gbà?"

Orí ọkọ̀ ló gbé e sí, ó fi okùn dè é bí ẹni ń de ẹran iléyá.

Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Abọ́ tánganran ni mo ń tà. Àbúrò mi, Mọ́ríyámọ̀, fẹ́ ọkùnrin oníṣọ́ọ̀bù kan, Alájì Múfú, sí Ìdáàṣà, nílẹ̀ Dàhòmì tí ìjọba wọn ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bẹ̀nẹ̀. Ó ránṣẹ́ ẹnu sí mi pé àkọ́bí òun, Sàlámátù, ti wọ yunifásítì ní Kùtọnu, pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́, pé kí n wá bá òun múra ọmọ sílẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tí èmi mọ̀, ọsibítù ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Yunifásítì, ilé àwọn lọ́yà ni mo pè é. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọdún gbọọrọ kọ́ nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ènìyàn ní ìdí? Mo bi ará ilé, mo bi ará ọjà, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Mo wá ṣe èyí tí mo mọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọbìnrin tó bá ń fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ẹrù ló ń gbé jáde. Mo kó péèlì, mo kó bàsíà, mo kó abọ́ olómorí láti orí èyí tó gba ìrẹsì odidi agbo ilé dé orí èyí tó gba ọbẹ̀ ẹnìkan, gbogbo wọn pẹ̀lú òdòdó pupa lára. Mo tò wọ́n léra, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Mo fi àwọ̀n dì wọ́n, mo fi aṣọ funfun wé orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún ìyàwó. Kí ojú má ti ọmọ wa láàárín àwọn ọmọ ọlọ́lá ni mo rò.

Ní Ìdírókò mo bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn. Kòjó ni orúkọ awakọ̀ tibẹ̀, ará Àjàṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń lọ tààrà sí òkè. A ò tíì rìn jìnnà tí ṣójà kan fi dá wa dúró, tó kígbe pé, "Ẹ̀hùzú!" Gbogbo inú ọkọ̀ dáhùn pé, "Dandan!"

Mo bi Kòjó pé kí ló dandan.

Ó ní, "Èdè Fọ̀n ni, Màmá. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ń sọ pé nǹkan ti yí padà. Ìyípadà ọ̀hún ló wá pọn dandan."

"Kí ló yí padà?"

Ó wo ojú mi nínú dígí. "Màmá, ẹ sáà máa dáhùn."

Láti ibẹ̀ lọ, ohùn tèmi ló ń ga jù nínú ọkọ̀. Ṣójà mìíràn, tí kò lè dàgbà ju àbíkẹ́yìn mi lọ, tún pè mí ní kamaráàdì. Wọ́n ní ẹlẹgbẹ́ ẹni ló túmọ̀ sí. Mo ní ta ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Kòjó ní ìjọba ló ní kí wọ́n máa pe gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀, àti olówó àti tálákà. Mo ní ó dáa, kí ó wá bá kamaráàdì rẹ̀ san owó ọkọ̀. Ẹ̀rín pa ṣójà náà, ó ní ká máa lọ.

Ní Kùtọnu mo ra búrẹ́dì ogójì sẹfà. Sẹfà ni owó wọn. Búrẹ́dì náà gùn bí igi ìdáná, ó le lẹ́yìn, ó rọ̀ nínú, bó o bá sì fi í sábẹ́ abíyá, o ó fi gún ẹni tó jókòó tì ẹ́. Bí a ṣe ń jáde nílùú ni Kòjó na ọwọ́ sápá kan, ó ní apá ibẹ̀ ni yunifásítì wà.

"Ẹ ò bá sọ ẹrù kalẹ̀ síbí, Màmá. Ọmọ kúkú ń bọ̀ wá bá a."

Mo ní, "Ẹrù tí kò bá gba ẹnu ọ̀nà bàbá ọmọ jáde, ẹrù olè ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé ẹrù kọjá ibi tí ẹrù ń lọ, kí ẹrù lè bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀ níbi tó yẹ.

A kọjá Bọ̀híkọ̀n, ọ̀nà pupa, eruku wọ gbogbo ihò ara. Ní Pawinyan àwọn obìnrin sáré yí ọkọ̀ ká pẹ̀lú ọsàn, gàrí, àti wàrà Fúlàní tí wọ́n ti rẹ ní àwọ̀ pupa, tí mo kọ́kọ́ pè ní ẹran. Mo ra gàrí fún ọmọ. Tóńgólò ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn kóńgò tiwọn. Àwọn obìnrin náà gbójú sókè, wọ́n rí ẹrù mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ìyàwó á bí tibi tire. Mo ní àmín. Kí ni kí ènìyàn sọ sí àdúrà?

Ẹ̀gbá ni mí, mo sì ti máa ń fi Olúmọ yangàn. Nígbà tí a dé Ìdáàṣà, mo pa ẹnu mi mọ́. Òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, òkúta ńláńlá káàkiri bí agbo màlúù tó dùbúlẹ̀ tó ń jẹ àpọ́jẹ, ilé àti oko láàárín wọn. Èdè wọn tún rú mi lójú. Bó o bá gbọ́ ọ láti yàrá kejì, o ó ní Yorùbá ni; bó o bá súnmọ́ ọn, o ó máa fi ìka ro etí rẹ wò.

Kòjó fẹ́ràn ayẹyẹ. Ó fọn fèrè ọkọ̀ láti ẹnu ọjà títí dé ojú ilé Alájì. Àwọn obìnrin ń hó, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé wa. Inú mi dùn. Mọ́ríyámọ̀ jáde, ó rí orí ọkọ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ní kí ẹ gbé èyí wá?"

Mo ní, "Kí ni kí n gbé wá, kèrègbè?"

Ó fà mí wọlé, ó sọ ọ́ fún mi. Obìnrin aláṣọ kan wà lọ́jà wọn, Alájà Bíntù. Ó pẹ́ tó ti ń tọrọ Sàlámátù fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣòwò ní Parakú. Ọkọ Alájà tó ti di olóògbé ló fi Alájì Múfú sẹ́nu òwò, nítorí náà Alájì kò lè wo ojú rẹ̀ kó sọ pé rárá. Ó wá fi ọgbọ́n sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níwájú gbogbo ènìyàn, pé ọjọ́ tí wọ́n bá rí i tí ará ilé ìyá ọmọ gbé ẹrù ìyàwó wọ̀lú, kí wọ́n máa gbé obì bọ̀. Ó mọ̀ pé Abẹ́òkúta jìnnà. Ó mọ̀ pé mi ò wá rí. Ó rò pé ọmọ á ti kàwé tán kí ẹrù kankan tó gúnlẹ̀.

Èmi wá gbé e wọ̀lú, tèmi ti fèrè.

Ẹ̀rín bú sí mi lẹ́nu. Àbúrò mi kò bá mi rín in.

Alájì wọlé láìbọ́ bàtà. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe mí báyìí? Alájà ti ránṣẹ́. Lọ́la, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, obì ń bọ̀."

"Ẹ má gbà á."

"Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo jàmáà. Ẹnu mi ni."

"Bẹ́ẹ̀ bí obì bá wọlé," ni Mọ́ríyámọ̀ wí, "yunifásítì ti parí. Ọkọ ìyàwó ti ní aya òun kò ní máa wẹ ọkùnrin aláìsàn."

Ìgbà yẹn ni Sàlámátù ti ọsibítù kékeré ìlú wọn dé, níbi tó ti ń lọ wo bí wọ́n ṣe ń di egbò. Àǹfímíyẹ̀ ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní Tàńtì, orúkọ tí Faransé fún àbúrò ìyá àti ẹ̀gbọ́n ìyá pọ̀. Ó rí ẹsẹ̀ mi tó ti wú látorí ìjókòó ọkọ̀, ó gbé e lé orí àpótí, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó padà wá fi ọwọ́ kàn án, ó tún lọ fọ ọwọ́. Mo bi í pé ṣé ẹsẹ̀ mi ló dọ̀tí tó báyìí. Mo na lálì tí mo rà fún un sí i. Ó rẹ́rìn-ín.

"Èékánná wa gbọ́dọ̀ wà lásán, Tàńtì, kí wọ́n lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀."

Ó ti gé gbogbo rẹ̀ kúrú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi ti àgbẹ̀. Wọ́n ní ìjọba pàṣẹ pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ dáko. Wọ́n fi ọkọ́ kàwé, wọ́n fi ọwọ́ tí kò ní lálì wọ yunifásítì. Orí mi ti fẹ́ fọ́.

Ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ obì fún un. Ó kọjú sí mi. "Tàńtì, ṣé ẹ̀yin náà ò fẹ́ kí n lọ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo gbágungbàgun ọ̀nà Bọ̀híkọ̀n lọ. Mo jókòó, mo ń wo ẹrù mi. Mo wá bi àbúrò mi léèrè, "Lọ́dọ̀ yín níbí, ẹnikẹ́ni lè dá iye lé ẹrù ìyàwó?"

"Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, èèwọ̀! Wọn kì í bèèrè iye rẹ̀, débi tí wọ́n á tà á."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Ọjọ́ wo lọjà yín?"

"Lọ́la."

Mo ní, "Alájì, ẹ̀yin sọ pé ẹrù ìyàwó. Tèmi yìí, ọjà ni."

Alájì wò mí bí ẹni ń wo ẹni tí oòrùn pa. Kò sọ pé rárá ṣá.

Ilẹ̀ mọ́, mo tú àwọ̀n, mo ká aṣọ funfun sápò, mo tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta iṣu, mo pàtẹ. Sàlámátù jókòó lẹ́yìn mi. Mo polówó títí ọ̀fun fi gbẹ. Àwọn ìyàwó àgbẹ̀ láti Lèma àti Kpingni ń wá wò, wọ́n á nàwọ́, wọ́n á fà á padà. Ìyá kan tó fi rósárì kọ́rùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò wọ́n, ó ní, "Ìyá, ẹrù ìyàwó tó wọ̀lú lánàá kọ́ nìyí?"

"Ìyàwó wo? Ẹ ná an, ẹ rà á."

Kò ná an. Kò sẹ́ni tó bèèrè iye. Oòrùn ń gòkè, ìrun ọ̀sán ń súnmọ́lé, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ra nǹkan kan, ẹrù ìyàwó ṣì ni, obì á sì wọlé.

Nígbà náà ni ọ̀nà là láàárín ọjà. Alájà Bíntù ló ń bọ̀, obìnrin sìgbọnlẹ̀ pẹ̀lú ìborùn funfun, ọmọ ìyá rẹ̀ kan gbé àwo obì tẹ̀ lé e.

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n ìyá Sàlámátù?"

"Èmi ni, Alájà. Ẹ káàbọ̀ sọ́jà."

"Wọ́n ní ẹrù ìyàwó lo gbé wá."

"Wọ́n ní o. Oníṣòwò tánganran ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ṣé gbogbo ẹni tó bá ru aṣọ yín kọjá ló ń lọ gbéyàwó?"

Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Alájà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé abọ́ olómorí tó tóbi jù, ó ṣí i, ó fi èékánná ta á, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó wá wo ọmọ tó jókòó lẹ́yìn mi, tó di etí péèlì mú tí ìka rẹ̀ fi funfun. Ó pẹ́ tó ń wo ọwọ́ yẹn, ọwọ́ tí kò ní lálì. Ará Ìdáàṣà ni, ó mọ ohun tí ìbéèrè kan lè bà jẹ́. Gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n. Mo rò pé ó máa gbé abọ́ kalẹ̀.

Ó ní, "Èló lo pe èyí?"

Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n dìde jó. Ẹnu ọjà ló gbà mí. Mo ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sẹfà."

"Olè! Ẹgbẹ̀rún kan."

"Alájà, ẹ wo òdòdó ara rẹ̀!"

"Òdòdó ni mo fẹ́ sè ni?"

A fà á, a tú u, mo tà á ní ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀, mo fi abọ́ ọlọ́bẹ̀ kékeré kan ṣe èènì. Alájà ní kí ọmọ ìyá òun gbé àwo obì wá. Ó mú awẹ́ kan, ó jẹ ẹ́, ó na òmíràn sí èmi náà, ó pín ìyókù fún àwọn oníṣu. Ó wá kọjú sí Sàlámátù.

"Ìwọ, lọ kọ́ ọ dáadáa. Eegun orúnkún yìí ń dùn mí. Bó o bá gba owó lọ́wọ́ mi nígbà tó o bá padà, n ó lù ẹ́."

"Ẹ ṣé, Ìyá," ni ọmọ náà wí.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ya aṣọ mọ́ mi lára. Kí wọ́n tó pe ìrun, péèlì tí Sàlámátù di mú nìkan ló kù. Mo bi í pé kí ló tún fẹ́ kó lọ. Ó ní péèlì yẹn tó, pé yàrá elénìyàn púpọ̀ ni wọ́n máa gbé, pé kò sí ibi tí wọ́n á gbé ẹrù sí. Láti Abẹ́òkúta ni mo ti wá gbọ́ èyí!

A wọ rélùwéè sọ̀kalẹ̀ lọ sí Kùtọnu, èmi àti òun, aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀ àti gàrí Pawinyan nínú péèlì. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ó fi ìka méjì di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀. Mo rò pé ìdágbére ni, omi ti fẹ́ bọ́ lójú mi.

Ó ní, "Tàńtì, ó ń sáré jù. Ẹ sinmi kí ẹ tó wọ ọkọ̀."

"Kí ló ń sáré?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé péèlì lé orí, ó wọlé.

Mo dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú aṣọ funfun nínú àpò àti èrùpẹ̀ pupa nínú irun. Awakọ̀ Píjò àárọ̀ ọjọ́sí rí mi, ó ní, "Màmá, ìyàwó ńkọ́?" Mo ní ó ti wọlé. Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé kí ènìyàn tó di ẹrù ọmọ, kó bi ọmọ pé kí lo fẹ́ rù. Ìyókù kò tíì yé mi, àti ìyípadà tó pọn dandan, àti kamaráàdì, àti ọdún gbọọrọ lórí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá dá nísinsìnyí, mo máa ń fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ mi bó ṣe ṣe é. Nǹkan kan ń lù níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni mi ò gbọ́. Ọmọ ti lọ kọ́ ọ wá.