Ìlà Aláwọ̀ Ewé Lójú Obìnrin

Tí ẹ bá dé Tchatchou, tí ẹ sì béèrè Madame Kaoussara, ọlọ́kadà zémì èyíkéyìí tó bá gbé yín ni yóò mọ ibi tí ẹ ń lọ. Àbúrò mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa, Màmá Bintou tó ń ta iṣu ní ọjà Tchaourou. Èmi Tawakalitou ni àkọ́bí, òun ló sì gbẹ̀yìn. Tchatchou ni mo lọ́kọ sí, aṣọ ni mo sì ń rán níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba gbé òun náà wá síbẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Faransé, ó dà bíi pé Ọlọ́run tún kó wa sínú ilé kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Faransé ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n níbí. Àwòrán kan ni.

Láti kékeré ni Kaoussara ti máa ń wo nǹkan pẹ́. Wọ́n á rán an lọ pọnmi, garawa á ṣófo, òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, á máa wo bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe ń bọ́ sára ògiri. Màmá á pariwo títí. Bàbá wa ni wọ́n máa ń ní kí Màmá fi í sílẹ̀, pé ẹni tó bá mọ nǹkan wò kò ní ṣìnà láyé. Bàbá kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Iṣu tí Màmá ń tà ló rán an dé yunifásítì ní Kútọnu.

Ibẹ̀ ló ti rí àwòrán náà, nínú ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ayàwòrán kan ní ilẹ̀ Faransé, Matisse, ló ya ìyàwó rẹ̀ ní ọdún 1905. Irun obìnrin náà dúdú, ó ká a sórí gègèrè, aṣọ ọrùn rẹ̀ sì dáa. Ṣùgbọ́n ìlà aláwọ̀ ewé kan bẹ̀rẹ̀ láti ìdí irun rẹ̀, ó gba orí imú sọ̀ kalẹ̀. Apá kan ojú rẹ̀ rí bí awọ ìbẹ́pẹ tó pọ́n, apá kejì rí bí òdòdó. Kaoussara pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, inú ń bí mi. Ó dà bíi pé ọkùnrin yìí fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pa ìwé náà dé."

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ kàwé rẹ."

Ó ní, "Mo ti tún ṣí i."

Bí ó ṣe ń ṣí i lójoojúmọ́ nìyẹn. Ó kà pé ní àkókò yẹn, àwọn ará Paris fi Matisse àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, pé ẹnì kan tilẹ̀ pè wọ́n ní ẹranko ẹhànnà nítorí àwọ̀ tí wọ́n ń lò. Ó wá ní orí àwòrán yìí ni òun yóò ṣe iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ òun.

Nígbà tó wálé fún ìsinmi, Màmá ní kó sọ ohun tó ń kọ́ fún àwọn. Ó fi àwòrán náà hàn wọ́n lórí fóònù. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Kí ló ṣe obìnrin yìí?" Kaoussara bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó ń fi Faransé lú Nàgó tí a ń sọ nílé, ọ̀rọ̀ náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, kò fi Faransé kankan sí i mọ́.

"Màmá, tí oòrùn bá wà lápá ọ̀tún ẹnì kan, apá òsì ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Á dúdú."

"Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, oko àgbàdo ńkọ́?"

"Á dúdú minimini."

Àbúrò mi la ẹnu sílẹ̀, kò lè pa á dé. Mo rò pé nǹkan ta á. Ó wá ní ṣé a gbọ́ ohun tí Màmá sọ. Òjìji, dúdú ni. Ewé tútù, dúdú ni. Ohun tí ọkùnrin yẹn fi ọ̀dà ṣe tí wọ́n fi bú u, èdè wa ti ń fi ẹnu ṣe é tipẹ́: ó fi àwọ̀ ewé ya òjìji. Kaoussara ní gbogbo ìwé tí òun kà lórí àwòrán náà, kò sí èyí tó sọ ọ́ fún òun, torí pé àwọn tó kọ wọ́n kò gbọ́ Nàgó. Ó kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì yìn ín gidi.

Ní Tchatchou, ó lẹ àwòrán náà mọ́ ògiri kíláàsì. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ojú ẹnì kan nílé, kó má ṣe kùn ún ní àwọ̀ tó mọ̀, kó kùn ún ní àwọ̀ tó rí. Faïzath, ọmọ Alájì Zakirou tó ń ra kajú lẹ́bàá ọ̀nà, ya bàbá rẹ̀. Iwájú orí Alájì di àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ kan pọ́n bí ata. Ẹnì kan ya fọ́tò àwòrán náà, ó fi ránṣẹ́ káàkiri. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ẹni tó bá dé ibi òṣùwọ̀n kajú Alájì ló ń béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí, bóyá ibà ni.

Alájì gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pe àwọn òbí sí ìpàdé. Ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì yẹn, nítorí náà mo lọ. Ìdí máńgòrò ni wọ́n to bẹ́ǹṣì sí. Kaoussara gbé àwòrán obìnrin náà kọ́ ara igi, ó sì kí gbogbo ènìyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú rẹ̀." Ó fi ọwọ́ bo ìlà ewé náà. "Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣé ojú ẹnì kan náà ni?"

A wò ó. Lóòótọ́, wọn kò mọ ara wọn mọ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ojú náà sì padà di ojú kan.

Ó ní, "Ìlà tó pín in sí méjì, òun náà ló so ó pọ̀. Ẹ tún wo àwọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí awọ ojú rẹ̀ ti rí bí òdòdó, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọkọ rẹ̀ tó yà á fi àwọ̀ tútù ti àwọ̀ gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí gbígbóná lè jáde. Kò sí àwọ̀ kan níbẹ̀ tó dá wà. Ẹ sì wo obìnrin náà fúnra rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ iyì ara rẹ̀ ni. Fọ́tò ti wà nígbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí lójú ayé, kó lọ wo fọ́tò. Bó ṣe rí lójú ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ ni èyí."

Tonton Abdou, tó jẹ́ olórí àwọn òbí, na ọwọ́. "Madame, ìdánwò àṣejáde, BAC, kò ní béèrè imú ewé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Òótọ́ ni, Tonton. Ṣùgbọ́n yóò fún wọn ní ọ̀rọ̀ kan, yóò ní kí wọ́n wò ó dáadáa, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí níbẹ̀."

Tonton Abdou mi orí. Alájì Zakirou wá dìde.

"Ìyàwó ara rẹ̀ ni Òyìnbó yẹn yà. Èmi ni wọ́n wá sọ di ewé níbí."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Kaoussara kò rẹ́rìn-ín. Ó pe Faïzath, ó ní, "Ìwọ lo yà á. Sọ ohun tí o rí fún Bàbá."

Ọmọ náà dìde, ó wo ilẹ̀. "Bàbá, abẹ́ báàṣì aláwọ̀ ewé tí ẹ ta bo ibi òṣùwọ̀n ni ẹ máa ń jókòó. Tí oòrùn bá wà lókè, àwọ̀ báàṣì náà á bọ́ síwájú orí yín. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn á gba ẹ̀yìn yín wọlé, etí yín á tàn bí iná. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ dìde, pé a ti fẹ́ lọ sílé."

Alájì dúró, ó ń fọwọ́ kan fìlà rẹ̀.

"Ṣé o máa ń wò mí tó bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Ó gba àwòrán tí Faïzath yà lọ́wọ́ Kaoussara, ó wò ó. "Mi ò fẹ́ràn etí yẹn," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni." Ó ní kí wọ́n bá òun ká a dáadáa kó má baà rún, ó sì gbé e lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ náà dé Parakou. Wọ́n ń ṣe ìpàdé àwọn olùkọ́ èdè níbẹ̀, wọ́n ní kí Kaoussara wá sọ̀rọ̀ lórí àwòrán náà. Èmi àti Màmá bá a lọ, Màmá sì jókòó níwájú pátápátá bí ẹni pé àwọn ló ni gbọ̀ngàn. Nígbà tí Kaoussara parí, ọkùnrin kan béèrè ìdí tó fi lọ mú àwòrán àwọn Òyìnbó, nígbà tí tiwa pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó fi Faransé dáhùn pé, "Mo fẹ́ràn tiwa. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ará ibòmíràn ti ń wá ṣàlàyé nǹkan wa fún wa. Ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣàlàyé tiwọn fún wọn. Ojú tí wọ́n fi tọ́ mi ní Tchaourou ni mo fi wò ó, ó sì rí ohun tí ó rí."

Àtẹ́wọ́ sọ. Màmá fà mí lẹ́wù, wọ́n ní kí ló sọ. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n sì yíjú wo àwọn tó wà lẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn lè mọ ẹni tó bí i.

Lọ́dún yìí, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti bọ́ sórí àwòrán mìíràn, ti àwọn èso kan lórí tábìlì. Èso wọ̀nyẹn kì í hù níbí. Ọmọ mi wá kó èso kajú, pupa àti olómi ọsàn, ó tò wọ́n sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó ní kí n má fọwọ́ kàn wọ́n. Oníbàárà dé, ó ní aṣọ òun ńkọ́. Mo fún un ní àga, mo ní kó ṣe sùúrù, pé akẹ́kọ̀ọ́ Madame Kaoussara ń ṣiṣẹ́. Mo tún fi kún un: ọmọ mi ni, àbúrò mi ni Madame. Ó ní, "Ah, ṣé ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.