Tábìlì Tí Mo Fẹ́ Sin Sábẹ́ Iná

Nígbà tí a wà ní yunifásítì n'Ìbàdàn, owó tí àwa ọ̀rẹ́ márùn-ún dá jọ fún káfíńtà tó kan tábìlì wa kò lè ra ike omi kan lónìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bowmanville, ní Canada níbí, mò ń wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pátákó sìmẹ́ǹtì, mo sì ń mi orí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí mo ṣe dé ìdí pátákó yẹn.

Orí tábìlì yẹn la ti ń jẹun, ibẹ̀ náà la ti ń kàwé: èmi, Múfú, Láídé, Gàní àti Ràbí. Ràbí yìí ló wá di ìyàwó mi. Nígbà tí à ń bọ̀ ní Canada, ó ní òun ò ní fi tábìlì náà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tábìlì náà ti jẹrà, orí rẹ̀ nìkan la gbé wá. Láti ìgbà náà ló ti fara ti ògiri basement, yàrá abẹ́ ilé wa.

Orúnkún Ràbí ò fẹ́ràn winter. Ó ní ooru ilé yìí ń wọra lóòótọ́, àmọ́ òun fẹ́ iná tí òun lè fojú rí. Kúdí ọmọ wa bá ra sítóòfù tí wọ́n ń fi igi dáná sí fún wa. Ó ku ká tẹ́ táìlì síbi tó máa jókòó sí.

Kí ló máa wà lábẹ́ táìlì? Ọkàn mi lọ sí tábìlì. Plywood tó nípọn ni, ó sì tẹ́jú dáadáa. Nílé tiwa, ohun tó bá ṣọ̀wọ́n kì í jìnnà síni. Inú ilé tí à ń gbé la sin bàbá bàbá mi sí. Kí ló wá burú bí tábìlì wa bá wà níbi tí Ràbí á máa na ẹsẹ̀ sí?

Múfú, tí òun náà ń gbé Canada níbí, wá láti Bramalea láti bá mi ṣe é. Chemistry ló kà. Ó rí ohun tí mo tẹ́ sílẹ̀.

“Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ sun ìyàwó wa jẹ ni?”

Mo ní táìlì á bò ó, iná ò ní kàn án. Ó ní kò dìgbà tó bá kàn án. Ooru á máa gba inú táìlì kọjá, á máa gbẹ igi náà lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kan á kàn gbiná. Mo ní drywall tí wọ́n fi ń ṣe ògiri ńkọ́? Ó ní ṣebí bébà ló wà lára ìyẹn. Pátákó sìmẹ́ǹtì ni ká lò, bó ṣe wà nínú ìwé tó bá sítóòfù wá.

Mo fa tábìlì náà kúrò nílẹ̀. Ó rò pé inú ń bí mi. Àmọ́ kí n dá tábìlì yẹn padà sí basement ni kò rọrùn fún mi.

Ràbí jáde láti kíṣìnnì. “Bàbá Kúdí, ṣé mo ti kú ni, tí ẹ fi ń wá ibi tí ẹ máa sin tábìlì mi sí?”

Múfú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ràbí fọwọ́ pa ojú ibi dúdú tí áyọ́ọ̀nù Láídé jó lára tábìlì náà. Ó ní, “Èmi tí mo fẹ́ máa wo iná, orí kí ni mo máa jókòó lé?”

Bí a ṣe tẹ́ pátákó sìmẹ́ǹtì sábẹ́ táìlì nìyẹn. A fi ẹsẹ̀ kúkúrú sí tábìlì, ó di bẹ́ǹṣì, a sì gbé e jìnnà sí sítóòfù bó ṣe yẹ. Kúdí wò ó, ó ní, “Daddy, it's so nice.” Mo ní kó jókòó lé e wò.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká má ṣe fi ohun tí a fẹ́ràn pamọ́ síbi tí ojú ò ní tó o mọ́. Ká máa lò ó. Ẹ̀yin náà ńkọ́, kí lẹ gbé wá láti ilé tí ẹ ò tíì rí àyè fún? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á fún Ràbí.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dáná, Múfú ò tètè lọ. Bẹ́ǹṣì náà gba ènìyàn márùn-ún bí wọ́n bá fún ara wọn. Láídé ti lọ sọ́run. Gàní náà ti lọ. Múfú wà. Èmi wà. Ràbí wà láàárín wa, ó na ẹsẹ̀ síbi iná.