Owó Ẹyọ Méjì Tó Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Òórùn obì tí ìyá àgbà ń ṣà gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Òkè-Àgbò lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó so owó ẹyọ méjì pọ̀. Ó kọ ojú wọn síra, ó fi òwú dúdú yí wọn, ó sì fi eyín gé òwú náà. N kò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àrokò ti wọ̀ mí lára.

Nígbà náà, Ìbàdàn ṣì ni olú ìlú gbogbo wa. Àbíkẹ́yìn ìyá àgbà, àbúrò bàbá mi, ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó kọ̀wé pé òun rí ọmọbìnrin ará Ìbíadé kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí ìyá òun kò bá gbà, òun yóò jáwọ́. Àwọn àgbà lọ wádìí ilé ọmọ náà, inú ìyá àgbà sì dùn. Tísà ṣọ́ọ̀ṣì ló bá a kọ èsì.

“Ìyá, mo ti kọ ọ́ pé ẹ gbà. Kí lẹ tún fẹ́ fi owó ẹyọ ṣe?”

“Tísà, ohùn tìẹ nìyẹn. Tèmi rèé.” Ó ti owó ẹyọ náà bọ inú àpòòwé pẹ̀lú lẹ́tà.

Ojú kíkọ síra, ìfẹ́ ni; ẹ̀yìn kíkọ síra, ìkọ̀sílẹ̀ ni. Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ìgbà náà ló mọ̀ ọ́n.

Ìgbà òjò ni lẹ́tà ọmọ rẹ̀ dé. Bí Tísà ṣe ń kà á ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀: “Ìyá mi, ìwé sọ pé ẹ gbà, ṣùgbọ́n owó ẹyọ yín kẹ̀yìn síra. Ọwọ́ yín ni mo gbà gbọ́. Mo ti ní kí ọmọ náà má dúró dè mí mọ́.”

Ìyá àgbà dìde, obì fọ́n káàkiri. “Yéè! Àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ ti fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ mi yí padà lọ́nà!”

Ojú ẹsẹ̀ ló gé etí ìró rẹ̀, ó kọ ojú owó ẹyọ mìíràn síra, ó sì rán wọn mọ́ inú aṣọ náà pinpin. Tísà kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Òun ló di òwú mú.

Èsì tó padà wá kúrú: “Ó ti gbà mí padà. Ó ní kí n kí ìyá òun.”

“Ìyá ta ni?”

“Ẹ̀yin ni, Ìyá.”

“Tún un kà.”

Títí dòní ló ń yà mí lẹ́nu pé ẹni tó ń ka òfin òyìnbó tọ̀sán tòru gba ìdè ọwọ́ ìyá rẹ̀ gbọ́ ju ìwé lọ. Mo ti dán onírúurú òwú wò láti ìgbà náà. Èyí tó bá ń yọ̀ kì í mú owó ẹyọ dúró. Lóṣù tó kọjá, mo fi ìda oyin pa òwú kan, mo so méjì, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ mi lókè òkun láìrán wọn mọ́ aṣọ. Àná ló pè mí: “Wọ́n dé o. Wọ́n ṣì ń wo ara wọn.”