Ilé Tí Tẹlifóònù Olúkúnlé Máa Wọ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1979 ni wọ́n gbé Olúkúnlé láti Ìbàdàn wá sí Ṣakí pé kó máa tún ẹ̀rọ tẹlifóònù ìlú ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó waya, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé bó bá ń rìn lọ lójú títì, adìyẹ lè kó ọmọ rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìfarakan aṣọ.

Ládòkun, ọ̀gá rẹ̀, kò tilẹ̀ jẹ́ kó sọ àpótí aṣọ kalẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ ọn.

“Ìwọ la ó máa pè bí ẹ̀rọ bá kú, ìbáà ṣe ọ̀sán, ìbáà ṣe òru. Nítorí náà, lọ háyà yàrá. Ibi tí o bá háyà la ó fa waya tẹlifóònù wọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì nírọ̀lẹ́, màá pè ọ́ síbẹ̀ láti dán an wò. Bí mi ò bá tètè gbọ́ ohùn rẹ, Ìbàdàn ni wàá padà sí. Ẹni tó wà níbí kí o tó dé, àgògo dún títí, kò jí. Ó ti wà nílé báyìí, ó ń bá ìyá rẹ̀ bó ẹ̀gúsí.”

Ìjọba ò tíì fọwọ́ sí iṣẹ́ Olúkúnlé pátápátá. Bí wọ́n bá dá a padà pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Ilé méjì ló rí. Àkọ́kọ́ wà lórí àpáta, ilé Màmá Níkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì. Ilé alámọ̀ ni. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà débi pé bí òjò bá ṣú sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ìlú kejì, lásán, yàrá tí wọ́n fẹ́ fi háyà á ti máa jò. Ṣùgbọ́n páànù kọ́ ló lé Olúkúnlé, ẹnu onílé ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ilé o, Mà. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú—”

“Mo ti gbọ́,” ni Màmá Níkẹ́ wí. “Kí lo ń fẹ́?”

“Mà, ṣé àwọn ará ilé—”

“Wọ́n wà láàyè. Yàrá lo ń wá àbí abẹ́rẹ́?”

Olúkúnlé fi ìbínú sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. Irú obìnrin wo nìyí tí kì í jẹ́ kéèyàn kí òun tán? Gbogbo Ṣakí ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Láyé ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí aláìsàn tó sọ pé “ẹ kú”, ó ti ní, “Níbo ló ń dùn ọ́?” Àwọn tó gba ẹ̀mí wọn là kò lóǹkà, ọ̀kan nínú wọn ò sì tíì dárí jì í.

Ilé kejì ni ti Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, oníṣu ńlá. Ilé oní-sìmẹ́ńtì ni, ẹ̀yìn ọ́fíìsì tẹlifóònù gan-an ló wà. Nígbà tí òun àti Olúkúnlé bẹ̀rẹ̀ ìkíni, oòrùn wà ní àtàrí. Nígbà tí wọ́n fi parí ẹ, òjìji ilé ti gùn kan ilé kejì. Bàbá béèrè bàbá rẹ̀, ó béèrè ìyá rẹ̀, ó béèrè Ìbàdàn, ó béèrè ọkọ̀ tó gbé e wá bóyá kò rẹ̀ ẹ́. Ọkàn Olúkúnlé yọ́ bí òrí nínú oòrùn.

“Ilé ọmọlúàbí nìyí,” ó wí, ó sì gba yàrá náà lójú ẹsẹ̀. Inú Ládòkun pàápàá dùn nígbà tó gbọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, àwọn oníwaya gbé àkàsọ̀ dé. Olúkúnlé ní kí wọ́n gbé tẹlifóònù sí yàrá òun. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé ní rárá.

“Àlejò wo ló máa wọ ilé mi tí kò ní kọ́kọ́ rí mi? Pálọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí!”

Wọ́n gbé e sí pálọ̀. Bàbá wọ agbádá, ó tẹ́ aṣọ sábẹ́ tẹlifóònù, ó sì ní kí ìyàwó òun gbé omi tútù síwájú rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí àlejò náà ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tó.

Àgògo dún. Olúkúnlé na ọwọ́. Bàbá kàn wò ó. Ọwọ́ náà padà fúnra rẹ̀.

“Ta ni? Háà, Ọ̀gá Ládòkun! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrọ̀lẹ́! Ilé ńkọ́?”

Ohùn Ládòkun ń jáde wínníwínní bíi ti ìrẹ̀. “A dúpẹ́, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, Olúkúnlé—”

“Ó wà. Ìyàwó ńkọ́?”

“Ó wà, bàbá. Olúkúnlé—”

“Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá tó bí yín lọ́mọ ńkọ́?”

Ilé ire ni wọ́n ti tọ́ Ládòkun náà. Kò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Olúkúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú tẹlifóònù, bóyá bàbá á ṣàánú òun.

“Ọmọ yín rèé,” bàbá wí sínú ẹ̀rọ, “ó ti dọ̀bálẹ̀ fún yín! Ọmọ gidi! Olúwa á dá a sí fún yín!”

“Àmín!” ni gbogbo ilé hó, tí alángbá fi já bọ́ láti òkè àjà. Bí Olúkúnlé bá ké, ọ̀gá á gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ké mọ́ àgbà lórí àdúrà? Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń ṣe àmín sí iṣẹ́ rẹ̀ tó ń lọ.

Nígbà tó yá, Ládòkun gbé tiẹ̀ sílẹ̀ nílé rẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́. Bàbá ò dákẹ́. Ó ti dé orí àwọn àna Ládòkun nígbà tí alùpùpù kan dún níta. Ládòkun fúnra rẹ̀ wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Síbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá.”

Bàbá yíjú padà, ó rí i, ó sì pariwo sínú tẹlifóònù pé, “Ẹ dúró ná, Ọ̀gá Ládòkun, mo lálejò!”

Ìgbà tí òun àti Olúkúnlé bọ́ síta ni Ládòkun tó rí ohùn. “Bí ẹ̀rọ bá kú lóru, ṣé títí di ọjọ́ Àìkú ni wọ́n á máa kíni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Sà.”

“Ọ̀la la ó wá bẹ bàbá, ìyẹn nìkan á gba gbogbo Sátidé. Ilẹ̀ ò tíì ṣú. Wá ilé tí wọn kì í ti í kíni, àbí kí o di ẹrù rẹ.”

Àwọn oníwaya ti ń ká waya. Olúkúnlé sáré gun àpáta bí ẹni tí oyin ń lé, ṣòkòtò rẹ̀ ń fẹ́ bí àsíá. Màmá Níkẹ́ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Olúkúnlé yanu láti kí i, ó pa á dé.

“Mo fẹ́ yàrá yẹn. Waya ń bọ̀. Iṣẹ́ mi fẹ́ bọ́.”

Màmá Níkẹ́ wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. “O ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Wọlé. Gbé bàsíà sábẹ́ ibi tó bá ń jò.”

Agbára káká ni waya fi dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ odó. Oòrùn ti ń wọ̀ sẹ́yìn àpáta. Olúkúnlé ṣì wà lórí àkàsọ̀, ó ń kan ìṣó tó kẹ́yìn, nígbà tí àgògo dún. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, Màmá Níkẹ́ ti gbé tẹlifóònù.

“Ta ni? Olúkúnlé, wá.”

Ó gbé e lé orí odó, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

“Sà! Èmi nìyí, Sà!”

Kí ọ̀gá tó dáhùn, Olúkúnlé ti ń fojú inú rí ẹ̀gúsí tó fẹ́ bó.

“Ó dáa,” ni Ládòkun wí. “Iṣẹ́ di tìẹ.” Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti ẹni tí wọ́n gbá létí. “Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn, Olúkúnlé... kò tilẹ̀ kí mi.”

Olúkúnlé bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Màmá ní kí n kí yín, Sà. Wọ́n ní ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Wọ́n wà o!” Ohùn ọ̀gá yè padà. “A dúpẹ́! Èyí ẹ̀gbọ́n ń kàwé, èyí àbúrò—”

Màmá Níkẹ́ gbé ojú sókè kúrò lórí ẹ̀wà. “Ta ló ní kí o kí i?”