Kọ̀rọ̀ Màmá Akọ̀wé

Mo rántí bí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ṣe pa lọ́lọ́ nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè. Tẹ́lẹ̀, ariwo ọkọ̀ akẹ́rù ló máa ń jí wa ní Ìlaró. Nígbà tó yá, èèyàn lè jókòó síwájú ilé kó máa gbọ́ bí ewé gbígbẹ ṣe ń wọ́ lórí ọ̀dà. Àwọn èèyàn wá ń sọ̀rọ̀ sókè láìnídìí. Rédíò kì í sinmi mọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ bí a ṣe ń ṣètò inú ọ́fíìsì ni, mo sì gbà pé kò sóhun tí n kò mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jogún ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló gbéṣẹ́ fún mi. Ó ti kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Ìdí-Ìrókò wá sí Ìlaró, nítorí iṣẹ́ ti dúró lọ́hùn-ún. Mo fi àwòrán ọ́fíìsì Èkó hàn án nínú kọ̀ǹpútà mi, mo ní ká wó gbogbo ògiri inú ilé kí àwọn èèyàn lè máa rí ara wọn. Inú ọ̀gá dùn. A wó o.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kò bá wa yọ̀: màmá akọ̀wé, ará Ayétòrò, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Nínú ariwo rédíò àti ẹnu tó gba inú ilé kan lẹ́yìn tí a wó ògiri, àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú iṣẹ́ màmá. Àwọn yòókù ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò mọ́, pé bóyá ìdákẹ́jẹ́ màmá ló pa ọjà.

“Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́,” ni ọ̀gá wí fún mi. “Kí màmá máa lọ sílé ló kù.”

Àánú ṣe mí. Mo bẹ ọ̀gá pé kó ní sùúrù díẹ̀. Mo fi pákó gé kọ̀rọ̀ kan sí igun ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sọ́nà, mo ta aṣọ tó nípọn sí i, mo sì gbé tábìlì màmá síbẹ̀. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ wọn fi gún. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé lọ́sàn-án, màmá a fi bírò sílẹ̀, wọn a kọrí sí fèrèsé bí ẹni tí wọ́n ń pè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ, kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀. Rédíò kú, fáànù dúró. Ìgbà yẹn ni gbogbo wa gbọ́ ọ: họ́ọ̀nù ọkọ̀ akẹ́rù, láti ọ̀nà jíjìn. Ó ń dún, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń dún. Mo sáré jáde. Ọ̀nà ṣófo láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló dùbúlẹ̀ láàárín rẹ̀.

Nígbà tí mo padà wọlé, ojú ọ̀gá ti yàtọ̀. “Họ́ọ̀nù ọkọ̀ bàbá mi nìyẹn. Ìgólò ni ọkọ̀ yẹn há sí, lódìkejì ẹnubodè!”

Màmá yọjú láti inú kọ̀rọ̀ wọn. “Ojoojúmọ́ ló ń dún. Mo rò pé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ ni.”

Ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀gá ti pe awakọ̀ ọkọ̀ náà títí, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ọ̀gá rò pé awakọ̀ ti sá lọ ni. Lójú ẹsẹ̀, ó rán ọlọ́kadà tó mọ ọ̀nà inú igbó kọjá ẹnubodè. Ọlọ́kadà bá awakọ̀ náà nínú ọkọ̀, ibà ti gbé e ṣánlẹ̀, orí rẹ̀ wà lórí sítíárìn. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, ó sì yè. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní lóòótọ́ lòun ń tẹ họ́ọ̀nù lọ́sọ̀ọ̀sán, bóyá ẹnìkan á wá. Ṣùgbọ́n bátìrì ọkọ̀ ti kú tipẹ́. Òun kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Kò dún rárá.

Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ màmá láìdáa. Ọ̀gá ní kí n ṣe kọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, àwọn tí ẹnu wọn le jù ló sì kọ́kọ́ yọ́ wá bá mi.

Mo ti to ọ́fíìsì púpọ̀ láti ìgbà náà, mo sì máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó máa jókòó síbẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ògiri. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo lọ kí màmá ní Ayétòrò. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń gbọ́ nǹkan.

“Mò ń gbọ́,” ni màmá wí. “Àmọ́, ọmọ mi, kì í ṣe gbogbo ohun tí mò ń gbọ́ ló ń fẹ́ ká wá.”

A jókòó síwájú ilé, àwa méjèèjì, a ń tẹ́tí sí ọ̀nà.