Èyí Tó Jẹ́ Lágídígba, Èyí Tó Jẹ́ Rọ́bà

Ìyá àgbà mi fi ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kan eyín, ó dẹtí sí i, ó tún fi kàn án. Ìró rẹ̀ kéré, bí ìgbà tí èèyàn bá fi èékánná kan igi gbígbẹ. Obìnrin méjì jókòó síwájú rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Oǹdó, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ẹjọ́ náà kò sì kàn mí, ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Ọ̀ràn ẹlòmíràn máa ń já mi láyà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá wọn ni. Àbúrò ló tọ́jú ìyá náà ní gbogbo ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá. Ẹ̀gbọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́. Ìyá wọn fi okùn lágídígba kan sílẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àtijọ́ tí wọ́n fi èèpo èkùrọ́ àti ìwo ẹran gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò òun ti yọ ojúlówó kó lọ, ó sì fi rọ́bà dí àyè rẹ̀. Ojú àwọn mọ̀lẹ́bí ló ti sọ ọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àbúrò kò ní lè gbé ilé ìyá wọn mọ́. Olè ni wọ́n á máa pè é ní àdúgbò tí wọ́n bí i sí.

Ìyá àgbà ni wọ́n máa ń gbé irú rẹ̀ wá bá, nítorí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ sínsín ló fi dàgbà. Lọ́jọ́ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko Bọ́lọ́rundúró dé, eruku ọ̀nà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, òórùn kòkó tí a sá sì kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí ó di ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n kọ̀, ó ní òun ń padà sí Àkúrẹ́. Kí ìyá àgbà sáà ki abẹ́rẹ́ bọ iná, kí ó fi gún un. Bí ó bá yọ́, rọ́bà ni.

“Èyí tí kò bá yọ́ ńkọ́, tí mo bá ti dá àpá sí i lára?” ni ìyá àgbà bi í. “Ìwọ lo máa bá mi pa àpá ọ̀hún rẹ́?”

Ó tú okùn náà sórí àtẹ, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi wọ́n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dígí máa ń tutù, kì í sì í tètè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò rí dígí. Ó fi wọ́n ra aṣọ ìró rẹ̀ títí wọ́n fi gbóná, ó ń gbóòórùn wọn. Ìwo máa ń rùn bí irun tó jó. Díẹ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tó fúyẹ́, tí òwú aṣọ ń lẹ̀ mọ́ lára. Ó ń kó àwọn rọ́bà yẹn sọ́tọ̀. Òkìtì wọn ń ga.

“Màmá, ṣé ẹ ti rí i báyìí?” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Mi ò parọ́ mọ́ ọn.”

Àbúrò ń wo ilẹ̀. Mo fẹ́ kí ó sunkún, kí n lè mọ ohun tó ń ṣe é.

Ìyá àgbà mú rọ́bà kan lé ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, ó ní kí ó fi ìka pa etí rẹ̀. Etí ìlẹ̀kẹ̀ tuntun máa ń mú. Ti èyí ti kújú, ó ń dán, okùn sì ti jẹ ihò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ó ṣe jẹ ti èèpo èkùrọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

“Rọ́bà ni lóòótọ́,” ó ní, “ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nídìí ìyá yín. Èyí tó bá fọ́, ohun tó bá rí ló fi ń dí i. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n fi ìka pa á títí. Ó béèrè ohun tó dé tí ìyá àwọn kò fi sọ fún òun. Ìyá àgbà ní ìyẹn kò sí lára ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wá sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó má bínú, òun á pe àwọn mọ̀lẹ́bí láti sọ òtítọ́ fún wọn, ó sì wá kẹ̀kẹ́ lọ sí gáréèjì.

Mo rò pé àbúrò á fò sókè. Omi ló béèrè. Ó mu ún tán, kò dìde.

“Ó rẹ̀ mí, Màmá.”

“Ó yẹ kó rẹ̀ ọ́,” ni ìyá àgbà wí. “Jókòó.”

Àwọn méjèèjì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Mo ti jáde yunifásítì báyìí, Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, mò ń wá iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé bí òtítọ́ bá ti jáde, ara èèyàn á fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé a lè dá èèyàn láre kí àárẹ̀ ẹ̀sùn náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ mi kan bá wá sọ fún mi pé wọ́n ti rí i pé òun kò jẹ̀bi, mo máa ń wá àga fún un kí n tó bá a yọ̀.